Wáyà Díìṣì Tó Rọ̀ fún Ilé Orí Omi: Bí A Ṣe Ń Yàn Án ní Etíkun Ìlàjẹ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gboyè jáde ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé iṣẹ́ díìṣì ni mo máa ń ṣe nígbà ìsinmi láti fi rí owó ilé-ìwé san. Ìbéèrè kan ni àwọn oníbàárà mi ní àgbègbè omi Ìlàjẹ máa ń bi mí jù: "Ibo la ti lè rí wáyà tó rọ̀, tí kò ní máa ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?" Bí wọ́n bá dé ọjà Igbókòdá, wáyà kún ìsọ̀. Èyí tó le bí ọ̀pá wà níbẹ̀, èyí tó rọ̀ bí okùn náà wà. Ẹni tó bá kàn fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò, tó sì sanwó èyí tó rọ̀ jù, ó lè jẹ́ èyí tí kò yẹ ilé rẹ̀ rárá ló gbé lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò gùn. Wáyà tó rọ̀ ní ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, èyí tó le náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wáyà ilé rẹ̀ ti ń mì, tó fi èyí tó rọ̀ síbẹ̀ nìkan, tó sì fi èyí tó le sí ìyókù, ni yóò wo tẹlifíṣọ̀n pẹ́.

Ìdí tí ti Ìlàjẹ fi yàtọ̀

Ẹni tó ń gbé ní Àkúrẹ́ tàbí Òkìtìpupa, bí wọ́n bá ti kan wáyà mọ́ ògiri ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó tún rántí rẹ̀. Ní etíkun wa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ayétòrò dé Àwóyè, orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀, pákó náà sì ni afárá tí a ń gbà bọ́ sí ilé kejì. Bí ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì bá sáré kọjá, omi á kọlu òpó, ilé á sì mì. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń rìn nínú yàrá, pákó ilẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Òpó díìṣì tí a rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ní mímì tirẹ̀, ilé náà ní tirẹ̀. Wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ló ń jìyà ohun tó wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn mímì ni iyọ̀. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá lójoojúmọ́, iyọ̀ náà sì ń wọ gbogbo ibi tí irin tàbí bàbà bá ti hàn síta. Páànù tó ń lo ọdún púpọ̀ ní òkè odò kì í pẹ́ dípẹtà lọ́dọ̀ wa. Báwo ni wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun yóò ṣe ṣe é?

Ẹ̀kẹta ni omi tó ń gba ilẹ̀ lọ. Ayétòrò, tí àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà sínú òkun. Nígbà tí omi bá ru wọlé, bí wọ́n bá ti kó àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó kúrò, tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé sókè, sórí tábìlì tàbí sí orí àjà. Ẹni tó ń gbé e pẹ̀lú ìkánjú kò ní dúró tú wáyà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Fífà ni yóò fà á. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá sì ṣeé gbé mọ́, wọ́n á tú ilé náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ tún un kọ́ sẹ́yìn. Ó yẹ kí wáyà náà lè bá wọn lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni mo ń sọ. Àkúrẹ́, níbi tí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, ju 100 kìlómítà lọ sí etíkun wa, ìdí nìyẹn tí díìṣì fi ṣe pàtàkì fún wa láti gbọ́ ìròyìn àti láti rí àwòrán. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ilé ìwo bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, ó san owó ìkànnì, ó to àga, èrò pé jọ, ni àwòrán bá dúró gbagidi ní ìṣẹ́jú kejìlá. Kì í ṣe díìṣì ló bàjẹ́, kì í sì í ṣe dìkódà. Wáyà àárín ló já síbi tó ti ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Owó àwọn èrò ni yóò dá padà, epo tó ti jó kò sì lè padà sínú táǹkì.

Ohun tó wà nínú wáyà náà

Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la wáyà díìṣì, ohun mẹ́rin lẹ máa bá níbẹ̀. Àárín gbùngbùn ni wáyà tó ń gbé àwòrán wà. Ike funfun tàbí fóòmù ló yí i ká. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n, bébà dídán bíi ti inú páálí sìgá sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ìta ló bo gbogbo rẹ̀. Coaxial ni àwọn onímọ̀ ń pe irú wáyà bẹ́ẹ̀, nítorí pé wáyà inú àti àwọ̀n ìta jọ ní àárín kan náà, bí ìgbà tí a bá ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ọparun tí a sì rí i pé kò fara kan ẹ̀gbẹ́ kankan.

Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Oliver Heaviside, tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 tó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ iná, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú wáyà yìí lọ́dún 1880. Ní Amẹ́ríkà, Lloyd Espenschied àti Herman Affel ti iléeṣẹ́ Bell tún un ṣe lọ́dún 1929 kó lè gbé ohùn púpọ̀ àti àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, irú wáyà yìí ti di ohun tí gbogbo ayé ń fi gbé àwòrán.

Àlàfo tó wà láàárín wáyà inú àti àwọ̀n ìta ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Bí ó ṣe fẹ̀ sí, àti irú ike tó wà nínú rẹ̀, ló ń sọ iye ohm tí wáyà náà jẹ́. Ìgbì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá dà bí omi tó ń gba inú odò tóóró. Bí odò bá fẹ̀ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi á máa lọ jẹ́jẹ́. Bí ó bá fún lójijì níbì kan, apá kan omi á ta padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá tẹ wáyà jù, tí ẹ kan ìṣó mọ́ ọn, tàbí tí ẹ fi ẹsẹ̀ àga lé e, wáyà inú á yẹ̀ kúrò láàárín, odò á sì fún níbẹ̀. Ẹ kò ní rí nǹkan kan lójú, ṣùgbọ́n àwòrán á rí i.

Ohun tó ṣeé tẹ̀ àti ohun tó rọ̀

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ohun tó ṣeé tẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó rọ̀. Ẹ lè tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá. Okùn tí apẹja ń lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé fọ́nrán púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kò sì jìyà púpọ̀ nígbà tí okùn bá tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà díìṣì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, tí wọ́n kọ RG-6 sí lára, wáyà kan ṣoṣo tó nípọn ló wà láàárín rẹ̀. Ó ṣeé tẹ̀, àmọ́ kò rọ̀. Irú èyí tó rọ̀ nítòótọ́ ni èyí tí wọ́n fi fọ́nrán bàbà wẹ́wẹ́ lọ́ wáyà àárín rẹ̀ bí okùn. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò wọ́n fún kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé kiri. Iléeṣẹ́ Belden ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ń ṣe méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ 1505F àti 1694F, èyí tí ìpọ̀n wọn sún mọ́ ti RG-59 àti RG-6, àmọ́ tí àárín wọn jẹ́ fọ́nrán. Kò pọn dandan kí ẹ rí orúkọ yẹn gan-an. Ohun tí ẹ ń wá ni fọ́nrán láàárín, àwọ̀n bàbà tó dí, àti ohm 75.

Kí ló dé tí a kò kúkú fi èyí tó rọ̀ ṣe gbogbo ilé? Ìdí ni pé ìgbì ń ṣòfò nínú wáyà, ó sì ń ṣòfò jù nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn òfò náà, dB ni wọ́n sì ń kọ. Bí òfò bá tó dB 3, ìdajì agbára ti lọ. Ohun kékeré tó wà níwájú abọ́ díìṣì, tí à ń pè ní LNB, ń gba ìgbì láti ọ̀run, ó ń sọ ọ́ di ńlá, ó sì ń rọra mú un wálẹ̀ sí àárín 950 sí 2150 MHz kó tó rán an gba inú wáyà. Ní 1000 MHz, RG-6 ń pàdánù nǹkan bíi dB 20 ní mítà 100, RG-59 ń pàdánù bíi dB 26. Wáyà tíńtín kan tó rọ̀ gan-an, tí wọ́n ń pè ní RG-179, ń pàdánù tó dB 80.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ilé kan tí díìṣì rẹ̀ jìnnà tó mítà 20 sí dìkódà. Bí RG-6 bá ni, òfò á jẹ́ dB 4, nǹkan bí ìdá 2 nínú 5 ìgbì ló máa dé. Bí RG-179 bá ni, òfò á jẹ́ dB 16, ìdá 1 péré nínú 40 ló máa dé. Àmọ́ bí ẹ bá lo mítà 2 péré nínú wáyà tíńtín yẹn, òfò rẹ̀ kò tó dB 2. LNB ti sọ ìgbì di ńlá tẹ́lẹ̀, nítorí náà dìkódà lè fara da irú òfò kékeré bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ nìyí: wáyà tó rọ̀ kò burú, gígùn rẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ DVD àti kámẹ́rà yàtọ̀ díẹ̀. Àwòrán tó ń jáde ní ojú ihò aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn ẹ̀rọ DVD kò kọjá nǹkan bíi 5 MHz. Ní irú ibẹ̀, òfò kéré gan-an. Ẹ lè fi mítà 10 wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ so DVD mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, bí wáyà náà bá ṣáà jẹ́ ohm 75 lóòótọ́.

Ohm 75 àti ohm 50

Níbí ni ọjà Igbókòdá ti máa ń mú àwọn ará wa. Odò wa kún fún ọkọ̀ tó ní rédíò ìbánisọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ àwọn elépo rọ̀bì títí kan ti àwọn tó ń kó èrò. Wáyà rédíò wọ̀nyẹn, tí RG-58 jẹ́ ọ̀kan lára wọn, jọ wáyà díìṣì lójú. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ní fọ́nrán láàárín. Ẹni tó ń wá wáyà tó rọ̀ á fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohm 50 ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ohm 75 ni gbogbo ẹ̀rọ àwòrán inú ilé ń lò.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò wáyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé ní nǹkan bí ohm 77 ni ìgbì ti ń ṣòfò kéré jù, pé ní nǹkan bí ohm 30 sì ni wáyà ti lè gbé agbára tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń gba àwòrán kò fẹ́ òfò, ó mú 75. Ẹni tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fẹ́ rán agbára jáde, kò sì fẹ́ òfò púpọ̀, ó dúró láàárín, ó mú 50.

Bí ẹ bá so ohm 50 mọ́ ohm 75, ìdá 4 nínú 100 agbára ìgbì ló máa ta padà ní ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Àmọ́ bí ìsopọ̀ bá di mẹ́rin, tí iyọ̀ ti wọ méjì nínú wọn, tí òjò sì ń rọ̀ láàárín díìṣì àti ọ̀run, ohun kékeré wọ̀nyẹn á para pọ̀ di àwòrán tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò sí ìdí tí a fi máa sanwó ra ìyẹn.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà

Ẹ kọ́kọ́ ka ara wáyà. Wáyà gidi máa ń ní àkọlé ní gbogbo mítà. Bí ẹ bá rí 75 OHM, RG-6 tàbí RG-59, ẹ tẹ̀síwájú. Bí ẹ bá rí 50 OHM tàbí RG-58, ẹ dá a padà sílẹ̀. Bí kò bá sí àkọlé rárá, ẹ fi ojú wo ìpọ̀n rẹ̀: RG-6 tó nǹkan bíi mìlímítà 7, RG-59 tó 6, RG-58 tó 5.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọlọ́jà kó gé orí rẹ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹ ka fọ́nrán àárín. Ẹ mú òòfà lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n yọ nínú sípíkà tó ti bàjẹ́ tó. Bí wáyà àárín bá lẹ̀ mọ́ òòfà, irin ni inú rẹ̀, bàbà kàn bo ara rẹ̀ ni. Èyí kì í ṣe èrú ní gbogbo ìgbà. Ìgbì tó yára tó báyìí kì í wọ inú bàbà lọ, ara ìta ló ń gbà. Ní 1000 MHz, ibi tó ń wọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 1000 mìlímítà kan lọ. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a wà létí òkun, bí bàbà tó bo irin náà bá ha díẹ̀ báyìí, iyọ̀ á rí irin, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ òòfà, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bàbà gidi pupa dé inú. Èyí tí inú rẹ̀ funfun lè jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn, kì í sì í fara da títẹ̀.

Ẹ wo àwọ̀n rẹ̀ náà. Gbogbo ọmọ Ìlàjẹ mọ̀ pé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kì í mú ẹja wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n wáyà tó jìnnà síra kì í dí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti fóònù mọ́ ìta. Fún wáyà tí yóò máa tẹ̀, ẹ má gbára lé bébà dídán nìkan, torí pé ó máa ń ya bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àwọ̀n bàbà tó dí ló lè pẹ́.

Ní ti rọ́bà ìta, ẹ mú dúdú fún ìta ilé. Èédú tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà dúdú ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Rọ́bà funfun dára nínú yàrá, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń pa á ní ìta, yóò gan, yóò sì là, omi iyọ̀ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Omi inú wáyà burú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ike ṣe ń kó iná mọ́ra kò ju nǹkan bíi 2.3 lọ, ti omi sún mọ́ 80. Bí omi bá gba ipò fóòmù, ohm 75 ti dàrú.

Ẹnu wáyà ni ìṣòro pọ̀ sí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta wáyà kì í sábà sọ. Kọ́nẹ́kítọ̀ díìṣì tí a mọ̀, èyí tí à ń pè ní F, kò ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Wáyà àárín fúnra rẹ̀ ló ń yọ síta bí abẹ́rẹ́, òun ló ń wọ inú ihò dìkódà. Wáyà kan ṣoṣo tó le lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ kò lè ṣe é. Yóò tú ká, ọ̀kan nínú rẹ̀ á fara kan ìta, dìkódà á sì sọ pé iná ti pàdé iná.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wáyà fọ́nrán, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ ra kọ́nẹ́kítọ̀ tó ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀mú pàtàkì fún mọ́ wáyà. Tàbí kí ẹ ra wáyà kúkúrú tí wọ́n ti ṣe ẹnu rẹ̀ méjèèjì láti iléeṣẹ́, mítà 1 tàbí 2. Ọ̀nà kejì yìí ni mo sábà máa ń yàn fún àwọn oníbàárà mi, nítorí pé ẹ̀mú yẹn kì í sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orí omi.

Ohun mìíràn tún ń gba ẹnu wáyà kọjá yàtọ̀ sí àwòrán. Dìkódà ń rán iná sí LNB, fólítì 13 tàbí 18, láti sọ apá ìgbì tí ó fẹ́ gbà. Bí ìpẹtà bá wà lẹ́nu wáyà, fólítì 18 yẹn lè wálẹ̀ sí 15 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé òkè, LNB á sì rò pé 13 ni wọ́n rán sí òun. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì kan fi máa ń wọlé dáadáa, tí òmíràn kò sì ní wọlé rárá. Kí ẹ tó ra dìkódà tuntun, ẹ tú ẹnu wáyà wò. Ẹ pa dìkódà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí a ṣe ń tò ó sínú ilé orí omi

Ibi méjì ni ilé wa ti nílò wáyà tó rọ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wáyà ti ń kúrò lára òpó díìṣì bọ́ sára ilé. Èkejì ni ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì, ẹ fi RG-6 dúdú tó le ṣe é, kí ẹ sì so ó mọ́ pákó dáadáa kó má lè mì.

Ní ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi mítà 2 sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì mítà tó. Èyí tó lé ni yóò jẹ́ kí ẹ lè gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àjà lọ́jọ́ tí omi bá wọlé láì já nǹkan kan. Ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ẹ jẹ́ kí wáyà náà sọ̀ kalẹ̀ bí okùn tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀, kó má ṣe le gan-gan. Ibi tó sọ̀ jù yẹn ni omi òjò yóò ti máa kán sílẹ̀, kò sì ní tọ wáyà wọnú ilé.

Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Okùn ọ̀rá tí a fi ń hun àwọ̀n dára jù, bí ẹ kò bá fún un jù. Ibi tí ẹ bá ti ní láti tẹ RG-6, ẹ má jẹ́ kí ìtẹ̀ náà kéré ju ìlọ́po 10 ìpọ̀n rẹ̀, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ká a yípo, ó yẹ kí òbìrípo náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, bí ẹnu àwo ọbẹ̀ kékeré.

Ní ti iyọ̀, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí inú kọ́nẹ́kítọ̀ ìta, kí ẹ sì fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele kọ̀ọ̀kan lè borí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí páànù orí ilé. Ẹ ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù sílíkónì tó ń rùn bí ọtí kíkan, nítorí ohun tó ń rùn nínú rẹ̀ máa ń jẹ bàbà. Kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn dìkódà, ẹ má sì fọwọ́ kàn án nígbà tí àrá bá ti ń sán, torí pé díìṣì lórí òpó ni ohun tó ga jù ní àyíká ọ̀pọ̀ ilé wa.

Bí ọjọ́ ìkólọ bá dé, ẹ má ká wáyà mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí okùn aṣọ. Ẹ to ó bí àwọn bàbá wa ṣe ń to okùn sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ní ọ̀nà tó máa ń lọ́ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, sósì lẹ́ẹ̀kan. Kò ní lọ́ mọ́ra, inú rẹ̀ kò sì ní yẹ̀ kúrò láàárín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ló wà ní Èkó, Ìbàdàn, Abuja tàbí òkè òkun, tí ẹ sì máa ń béèrè ohun tí ẹ lè rà fún àwọn òbí yín. Bí ẹ bá dé ọjà Alaba, ẹ má ra yípo wáyà tó rọ̀ ní mítà 50 nítorí pé ó rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ra wáyà kúkúrú méjì tó ní fọ́nrán, mítà 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohm 75, tí iléeṣẹ́ ti ṣe ẹnu wọn. Ẹ ra RG-6 dúdú tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà gidi, ní ìwọ̀n tí ilé náà ń fẹ́, ẹ fi mítà 5 lé e nítorí pé ilé lè sún sẹ́yìn. Ẹ fi kọ́nẹ́kítọ̀ mẹ́fà, ohun ìsopọ̀ méjì tó ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti téèpù rọ́bà kan sí i. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò kan, awakọ̀ Igbókòdá á gbé e, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sí bébà pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà pé èyí tó rọ̀ wà fún ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti fún ẹ̀gbẹ́ òpó, pé kí wọ́n má ṣe fi í sí ibòmíràn. Oníṣẹ́ tó bá wá bá wọn tò ó yóò ka bébà yẹn, àwọn òbí yín náà yóò sì mọ ohun tí wọ́n máa bi í.